Fífà Ni Wọ́n Ń Fa Epo: Ohun Tí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Kọ́ Mi ní Igbókòdá

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lórí jẹ́nẹ́rétọ̀ ní Àkúrẹ́, tó wá dé etí omi Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, á kọ́kọ́ rò pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Kábúrétọ̀ náà ni, pílọ́ọ̀gì náà ni, písítìnnì náà ni. Iṣẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta lèmi náà bá dé ibẹ̀. Àwọn ìyá oníṣòwò ẹja tí mo máa ń bá tún jẹ́nẹ́rétọ̀ ṣe ní Ọjà Ọba ló sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kó ẹja fún wọn pé ọmọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì kéékèèké. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa sọ̀kalẹ̀ lọ sí Igbókòdá nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Ará Àkúrẹ́, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ń pè mí títí dòní.

Ìyàtọ̀ kan péré ló wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì, òun ló sì gbé gbogbo wàhálà wá. Lórí jẹ́nẹ́rétọ̀, òkè ni táńkì wà, kábúrétọ̀ tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀. Epo á ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí họ́ọ̀sì bá lu, epo á máa kán, o ó rí i, o ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ ni táńkì wà, lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò, ẹ́ńjìnnì sì kọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lókè. Epo gbọ́dọ̀ gòkè kó tó dé ibi tí wọ́n ti máa lò ó, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń fà á. Bí họ́ọ̀sì bá wá lu níbì kan láàárín táńkì àti pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì, epo ò ní kán jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi sítírọ́ọ̀ tó ti lu mu mínírà: ó ń fà, ó ń fà, afẹ́fẹ́ ló ń gbé mì. Ilẹ̀ ọkọ̀ á gbẹ, ara họ́ọ̀sì á mọ́ tónítóní, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú sórí omi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ dáadáa lórí ilẹ̀ tó tú kábúrétọ̀ ọkọ̀ ojú omi palẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó tò ó padà, tó gba owó, tí ọkọ̀ náà sì tún kú kó tó kúrò lójú etí omi. Kò rí ohun tó ń kán, ló bá gbà pé ọ̀nà epo dára.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé epo láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú táńkì. Táńkì pupa tó máa ń bá ẹ́ńjìnnì wá ń gba nǹkan bíi lítà 24, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń lo kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí wọ́n lu ìdérí rẹ̀. Ọ̀pá kan wọ inú táńkì lọ títí dé nǹkan bí ìsàlẹ̀, asẹ́ kékeré sì wà lẹ́nu rẹ̀. Epo á gba ọ̀pá yìí bọ́ sínú họ́ọ̀sì, á dé pọ́ǹpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà tó wú láàárín tí a máa ń tẹ̀ kí a tó fa ẹ́ńjìnnì. Fáàfù méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí, iwájú nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí epo lọ. Láti ibẹ̀, epo á gba ojú ìsopọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, á gba fítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kọjá, á dé pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì, kó tó wá kan kábúrétọ̀. Kábúrétọ̀ ló kẹ́yìn. Ibi tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń béèrè bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe kú. Àwọn awakọ̀ máa ń kanra sí ìbéèrè yìí. "Ó kú ni mo sọ, Ará Àkúrẹ́! Ṣé òkú náà tún ní oríṣiríṣi ni?" Ó ní. Ẹ́ńjìnnì tí iná pílọ́ọ̀gì rẹ̀ dá máa ń kú lójijì, bíi pé ẹnì kan pa á. Èyí tí epo ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kú bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ yí padà, á rọlẹ̀, á tún gbé sókè fúngbà díẹ̀, á tún rọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó tó wá dákẹ́. Bàbá kan tó ń kó èrò láti Igbókòdá lọ sí Ayétòrò ní etí òkun ló sọ ọ́ tó wọ̀ mí lára jù. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń ṣe kó tó kú?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ń sunkún." Mo ní, "Nígbà tó ń sunkún, ṣé ẹ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́?" Wọ́n ní àwọn tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ó jí?" "Ó jí, ó sáré díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún."

Ìdáhùn yẹn nìkan ti lé kábúrétọ̀ àti kọ́ọ̀lù tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná jìnnà. Bí fífi ọwọ́ tẹ epo ránṣẹ́ bá lè jí ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ pé iná wà, a jẹ́ pé kábúrétọ̀ ń gba epo tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni pé epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, ó lè jẹ́ nǹkan ló dí ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ló rẹ̀. Ti Bàbá yìí, àpò gàrí èrò kan ló wà lórí họ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n bá já ẹrù, ọkọ̀ á dára. Nígbà tí wọ́n bá tún kó ẹrù, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ra pílọ́ọ̀gì tuntun nítorí àpò gàrí.

Pọ́ǹpù ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí mi ò mọ irinṣẹ́ kankan tó rọrùn tó o, owó rẹ̀ sì ti wà nínú owó họ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ò nílò láti tú nǹkan kan kó tó mọ apá ibi tí àrùn wà. Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ọfà tó wà lára rẹ̀: ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Mo ti bá èyí tí wọ́n fi sí òdì-kejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé họ́ọ̀sì tó gbó tí wọ́n sì tún un so. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e dúró kí ọfà náà kọjú sókè, torí fáàfù inú rẹ̀ máa ń pa dé dáadáa bẹ́ẹ̀ ju ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le.

Bó bá le, tó sì dúró ní líle, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wò ó nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Bí pọ́ǹpù ọwọ́ bá ń pẹlẹbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wọnú, nǹkan ló dí ọ̀nà láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí táńkì. Ẹ́ńjìnnì ń fà, epo ò wá, rọ́bà ló wá ń fún pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń yẹ̀ wò nígbà yẹn ni súkúrúù kékeré orí ìdérí táńkì, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti dípò epo tó jáde. Awakọ̀ á ti í nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ìgbì bá ń ta omi sínú ọkọ̀, á sì gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ tó wà nínú táńkì, kó tó di pé fífà náà ò lọ mọ́. Ẹ ṣí ìdérí náà: bí ẹ bá gbọ́ "ṣìì" tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ ti rí i. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀ kí epo má baà ta jáde náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á tilẹ̀ fún pọ̀ wọnú. Bí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́, ẹ yọ ọ̀pá inú táńkì, kí ẹ wo asẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo ti bá ewé níbẹ̀, mo ti bá ìdọ̀tí kẹ́ẹ̀gì, mo ti bá ọ̀rá omi píọ́wọ́tà.

Bí pọ́ǹpù ọwọ́ bá kọ̀ láti le rárá, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé epo ti tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ gbé táńkì wò. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń wọlé láti ẹ̀yìn, tàbí kí fáàfù inú rọ́bà náà ti kú, tí epo tí ẹ tẹ̀ sí iwájú tún ń padà sẹ́yìn. Ó sì lè jẹ́ pé epo ń kọjá lọ láìdúró: abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ kò pa dé, epo kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ń dà jáde lẹ́nu kábúrétọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì tàbí sójú omi. Ẹ wo omi tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí àwọ̀ bí òṣùmàrè tó ń tàn lójú omi, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹni tó ń mu sìgá sì lọ jìnnà. Èéfín epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń jókòó sí, kì í fò lọ bíi ti orí ilẹ̀ gbalasa.

Bó bá le kankan tó sì wà bẹ́ẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń kú, ẹ fi táńkì àti họ́ọ̀sì sílẹ̀. Iwájú ni àrùn wà.

Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ló le jù láti rí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú èyí tí mo ti bá pàdé. Kò ní àmì. Họ́ọ̀sì tó dúró sínú oòrùn láti Ẹrẹ́nà dé Ẹrẹ́nà á gan, á ya ìlà wẹ́wẹ́ níbi tó bá ti tẹ̀. Rọ́bà roboto inú ojú ìsopọ̀ á jẹ. Àwọn ọlọ́kọ̀ fẹ́ràn láti fi wáyà so họ́ọ̀sì dípò kílíìpù, wáyà yẹn á sì gé rọ́bà díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi rí ọ̀nà. Mi ò bá wọn jà lórí rẹ̀ mọ́. Kílíìpù ni mo ń gbé dání, mo sì ń fi owó rẹ̀ kún owó iṣẹ́.

Ohun tí mo fi ń mú un ni họ́ọ̀sì funfun kan tí a lè rí inú rẹ̀, kò gùn ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Mo máa ń so ó sáàárín pọ́ǹpù ọwọ́ àti ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìfófó díẹ̀ lè kọjá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Bó bá ń kọjá láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀yìn. Mo á wá gbé họ́ọ̀sì funfun náà lọ sí ẹ̀yìn pọ́ǹpù ọwọ́, ní apá táńkì. Bí ìfófó bá ṣì wà níbẹ̀, àrùn ń bẹ lọ́dọ̀ táńkì. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, pọ́ǹpù ọwọ́ fúnra rẹ̀ tàbí ìsopọ̀ rẹ̀ ni.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí ẹni tí kò ní họ́ọ̀sì funfun lè lò. Láti pọ́ǹpù ọwọ́ lọ sí ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan: ibi tó bá lu á fófòó tàbí kó kán epo, torí ẹ ti fi agbára títẹ̀ dípò agbára fífà. Ṣùgbọ́n títẹ̀ ò lè dé ẹ̀yìn, fáàfù ò ní jẹ́ kó padà. Fún apá ti táńkì, gíríìsì ni mo ń fi pa ojú ìsopọ̀ yíká nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá tò bí mo ṣe pa ọ̀kan, ibẹ̀ ni. Gíríìsì kì í ṣe àtúnṣe o, ó kàn ń fi ibi tí àrùn wà hàn ni.

Èyí tó tún máa ń da èèyàn láàmú ni họ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ dára lóde tí inú rẹ̀ ti bó. Àwọn họ́ọ̀sì kan ní awọ méjì. Epo á jẹ ti inú, á ya kúrò lára ti òde, bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà pẹ̀lú agbára awọ inú yẹn á pa ọ̀nà dé, bó bá rọra ń ṣiṣẹ́ á tún ṣí. Tí ẹ bá tẹ pọ́ǹpù ọwọ́, epo á kọjá. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú rí i láìgé họ́ọ̀sì. Họ́ọ̀sì gáàsì ìdáná tàbí ti omi tí wọ́n ń rà torí pé owó rẹ̀ kéré ló ń tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún epo bẹntiróòlù.

Ó wá fi mí sórí ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ yá táńkì àti họ́ọ̀sì ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ yín tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì yín, kí ẹ sì sáré lọ sáré bọ̀. Bí ọkọ̀ bá dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sípánà sún mọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Wàhálà kan tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ìsopọ̀ Yamaha kò bá ti Suzuki mu, torí náà ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tiyín mu ni kí ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi náírà 185 sí bíi 500 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn ò ra ẹ̀kún táńkì mọ́. Wọ́n ń rà á ní díẹ̀díẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tó rà á láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Kẹ́ẹ̀gì á dé Igbókòdá láti orí ilẹ̀, á wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn abúlé etí òkun, á dúró sínú òjò, wọ́n á ṣí i, wọ́n á dé e. Omi á wọ ibẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ: lítà epo bẹntiróòlù kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò lọ. Ìsàlẹ̀ ni omi ń lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni ọ̀pá inú táńkì ti ń fà. Ẹ́ńjìnnì á sáré dáadáa ní tààrà, ṣùgbọ́n bí ìgbì bá mi ọkọ̀, omi á bá epo lọ, ẹ́ńjìnnì á sì dákẹ́ níbi tí kò yẹ kó dákẹ́ rárá.

Ìgò funfun kan tí a lè rí inú rẹ̀ ti tó láti mọ̀. Súkúrúù kékeré kan wà nídìí kábúrétọ̀. Ẹ tú u, kí ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ìgò, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Omi á pín nísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà náà. Àwọn tó ń rìn lórí omi iyọ̀ lọ́nà Ayétòrò máa ń bá ìpẹtà funfun nínú kábúrétọ̀ bí omi bá ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń ná odò aláìníyọ̀ nìkan kì í tètè rí irú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti Ìlàjẹ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìlú apá Gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà láìsí iná ìjọba fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, jẹ́nẹ́rétọ̀ ló gbé ilé ró. Epo ọ̀pọ̀ jẹ́nẹ́rétọ̀ kò ní ọ́ìlì nínú, epo ọkọ̀ ní. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì jọra, igun kan náà ni wọ́n ń gbé wọn sí. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ láàárọ̀ kùtù á gbé èyí tó bá kàn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tú-sítíróòkì, èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tó wà lójú omi wa ló ń fẹ́ epo 50 sí ọ́ìlì 1, ìyẹn ìdajì lítà ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, kí ẹ ṣáà wo ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì yín wá. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì ọkọ̀. Àwọn kan ṣe é, àwọn kan ní àwọn mọ kẹ́ẹ̀gì àwọn.

Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ díjú. Lórí àwọn tú-sítíróòkì wọ̀nyí, kò sí iná tó ń yí i. Bí písítìnnì ṣe ń lọ tó ń bọ̀, èémí abẹ́ rẹ̀ ló ń ti awọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwá sẹ́yìn, awọ yẹn ló ń fa epo. Bí awọ náà bá le gan, fífà rẹ̀ ò ní lágbára mọ́: ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ ní jẹ́jẹ́, bí ẹ bá fẹ́ kó sáré, á rọlẹ̀. Bó bá ya, epo á gba ojú yíya náà wọ abẹ́ písítìnnì, èéfín á pọ̀, pílọ́ọ̀gì kan á tutù nígbà tí èkejì gbẹ. Awọ náà kò wọ́n, kò sì gba àkókò láti pààrọ̀. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn awakọ̀ ṣe àríyànjiyàn. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé títẹ pọ́ǹpù ọwọ́ ń jí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sọ ọ́ di àtúnṣe. Ọmọ kan á jókòó sẹ́yìn, á máa tẹ̀ ẹ́ láti òkun dé Igbókòdá, awakọ̀ á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa sáré gan-an torí kí ẹja má baà bàjẹ́. Ẹ rántí pé inú epo ni ọ́ìlì wà. Ẹ́ńjìnnì tí epo ò tó, ọ́ìlì ò tó o pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbóná jù bó ṣe yẹ lọ. Ọlọ́kọ̀ kan tí mo mọ̀ pàdánù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ báyìí: písítìnnì lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, ó nọ́ọ̀kì, torí ojú ìsopọ̀ tí rọ́bà inú rẹ̀ jẹ. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ délé, ẹ rọra lọ, kí ẹ sì tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ti kábúrétọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa ṣùgbọ́n tí kò dúró nígbà tí ẹ bá dín in kù, jẹ́ẹ̀tì kékeré, ìyẹn ihò tóóró tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, ló dí. Bí kò bá ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá fa ṣóòkì, epo tó ń gbà kéré. Ẹ fi omi ìfọ-kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ fọ ojú jẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi wáyà gún un. Wọ́n wọn ojú yẹn kí wọ́n tó lu ú. Bí wáyà bá ti fẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó lè sún un pọ̀ mọ́.

Ẹ tún fi ojú sí ohun tí kì í ṣe epo rárá. Koríko orí omi tó bo ojú odò wa tàbí ọ̀rá lè wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ohùn á rọlẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ẹ ó sì rò pé ebi epo ló ń pa á. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè kí ẹ wò ó kí ẹ tó ná owó.

Láìpẹ́ yìí, awakọ̀ kan pè mí ní Àkúrẹ́ láti ojú omi, ó ní epo ò lọ, kí n sọ bí òun ṣe máa tú kábúrétọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́. Ṣé ó le?" Ó ní ó le. "Ẹ fa ẹ́ńjìnnì. Bó bá kú, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ wò." Ó dá, ó kú, mo gbọ́ ọ lórí fóònù: ó dá dúró gbí, kò sunkún. Ó ní rọ́bà náà ṣì le bí òkúta. Mo ní kó yọ pílọ́ọ̀gì. Ó ní méjèèjì tutù fún epo. Mo ní epo kọ́, kó tú wáyà okùn tí wọ́n fi ń pa á wò, kó tó wá yẹ kọ́ọ̀lù wò. Ó bínú díẹ̀, ó ní ṣebí òun ti ra omi ìfọ-kábúrétọ̀. Okùn yẹn náà ló jẹ́: omi iyọ̀ ti jẹ bọ́tìnnì tó wà nídìí rẹ̀, ó ń pa ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Omi ìfọ-kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi; ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ẹja, ó ní kí n fi rọ́pò owó iṣẹ́.